Hẹ́dífóònù Tí Kì Í Parọ́

Ẹ má bá mi jiyàn nípa etí. Mo lè gbàgbé ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ sí, mo lè pàdé yín lọ́jà kí n má rántí orúkọ yín, ṣùgbọ́n etí mi mú. Bí ọ̀kadà bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Àgọ́ Aláyè, mo lè sọ fún yín pé ṣéènì rẹ̀ ti fẹ́ já kó tó yọ sí iwájú ilé wa. Gbogbo àdúgbò wa ní Òdìgbó mọ̀ mí mọ́ ọn, èmi náà sì ń fi yangàn. Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fi ń dùn mí wọ egungun. Mo gbọ́ ikú ìyá mi ní nǹkan bí oṣù márùn-ún kó tó dé. Mo gbọ́ ọ ketekete, nínú hẹ́dífóònù tí mo fi owó ara mi rà. Mo sì sọ pé hẹ́dífóònù náà ló bàjẹ́.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójú ọ̀sán ni kí n máa tẹ ìwé fún àwọn tó ń wá sí kánsù, kí n sì máa ṣe fọ́tòkọ́pì. Tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́, orin ló kù. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì máa ń wá kọrin sínú máìkì mi nínú yàrá, wọn á lọ, èmi á wá jókòó ti láptọ́ọ̀pù. Màá po ohùn wọn pọ̀ mọ́ dùùrù àti ìlù, màá dín tibí kù, màá fi kún tọ̀hún, títí gbogbo rẹ̀ á fi jókòó. Míìsì là ń pè é. Àwọn tó rí já jẹ nídìí iṣẹ́ yìí ní yàrá tí wọ́n fi fóòmù yí ká, wọ́n ní sípíkà tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Èmi ní mátíráàsì tí mo gbé ti ògiri, mo sì ní hẹ́dífóònù.

Hẹ́dífóònù mi àkọ́kọ́ máa ń tan iná búlúù létí méjèèjì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo rò pé nǹkan gidi ni mo rà. Béèsì rẹ̀ ń lu èèyàn láyà gbì, gbì, orin tí kò dùn á sì dùn nínú rẹ̀. Òun ni mo fi ṣe míìsì orin àjíǹde fún ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé orin náà sí sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì, ìlù ò sí, béèsì ò sí, ohùn àwọn ọkùnrin ti rá. Ohùn tín-ín-rín kan ló ń jáde, ó ń yún gbogbo wa létí. Olórí akọrin wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ó fi sùúrù bi mí léèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé inú agolo lẹ ti gbà wá sílẹ̀ ni?”

Inú bí mi. Mo bínú sí sípíkà, mo bínú sí ẹni tó ń tọ́jú sípíkà, mo bínú sí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé èmi ni. Hẹ́dífóònù yẹn ti máa ń fi béèsì tirẹ̀ kún orin kó tó dé etí mi, bí ẹni tó ti da súgà sí gààrí kó tó gbé e fún ọ. Ìwọ á tọ́ ọ wò, wàá ní súgà ti pọ̀ jù, wàá sì bu tìrẹ kúrò. Nígbà tí orin wá dé ọwọ́ ẹni tí kì í fi súgà sí nǹkan, ó tẹ́ pátápátá.

Ìyá mi wà ní ìlà iwájú àwọn akọrin obìnrin lọ́jọ́ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó fi etí gèlè bo ojú. A délé tán, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá mi ń gbé, àbí kí n sọ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń gbé, nítorí òun àti bàbá mi ló kọ́ ilé náà. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, òun ló ń mójú tó oko kòkó wa lójú ọ̀nà Àgọ́ Aláyè. Ó ní alágbàro, àwọn àjèjì tó wá ṣiṣẹ́ oko, ṣùgbọ́n tó bá di oògùn kòkó fífín, kò gbà fún ẹnikẹ́ni. Ó ní wọ́n máa ń da oògùn nù sórí ewé, pé ara èso gan-an ni kòkó ti ń jẹrà, kì í ṣe orí ewé. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn. Ìborùn àtijọ́ kan ló fi ń di imú. Tó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, òórùn oògùn náà á ti ṣáájú rẹ̀ wọlé, ìborùn yẹn á sì ti tutù níbi ẹnu. Mo ra aṣọ ìbomú fún un nígbà kan. Ó ní kì í jẹ́ kí òun lè kọrin lóko.

Orin ni gbogbo ayé obìnrin yẹn. Ó ní orin kan tó jẹ́ tirẹ̀, òun ló dá a, èdè Ìkálẹ̀ ló fi kọ ọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju pé òun jí lọ sóko ní ìdájí, òun rò pé òun ni òun kọ́kọ́ dé, òun bá Olúwa níbẹ̀, Ó ti ń ṣán ọ̀nà. Ó fẹ́ kí n gba orin náà sílẹ̀, kí wọ́n lè gbé e nígbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe obìnrin tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ. Èyí nìkan ló béèrè.

Ó ní, “Ṣùgbọ́n o ò ní fi eléyìí tó ń ṣẹ́jú bí iná mọ́tò ọlọ́pàá ṣe é. Lọ wá èyí tí kì í parọ́.”

Mo lọ sí Òrè lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá mọ oríta yẹn mọ̀ pé kò sí ibi tó burú tó o láti fetí dán nǹkan wò. Ọkọ̀ tó ń lọ Benin ń fun fèrè, èyí tó ń lọ Èkó ń fun fèrè, àwọn akérò ń pariwo, àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ń pariwo lé wọn lórí. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan ni mo lọ, tó ń ta fóònù àti ohun èlò fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù onípákó kan lẹ́yìn gáréèjì. Ará Òkè-Ògùn ni, kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó máa ń dé fìlà onírun nínú ooru. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ hẹ́dífóònù tí kò wọ́n, tí kò sì dùn.

Ó wò mí. “Tí kò dùn, ẹ̀gbọ́n?”

“Tí kò dùn. Bí orin bá burú, kó burú nínú rẹ̀.”

Ó gbé íápíìsì kan wá, àwọn kékeré tí wọ́n ń kì bọ inú ihò etí. Kò burú, ṣùgbọ́n bí mo bá ti mi orí, béèsì ń lọ, ó ń bọ̀, mo sì mọ̀ pé mi ò lè fi jókòó wákàtí méjì kí etí mi má wú. Ó gbé tuntun kan wá, tó le mọ́ orí bí àṣíborí. Ìyẹn ń fún mi lórí, òógùn sì ti bo etí mi kí orin kan tó parí. Lẹ́yìn náà ló wá fa ọ̀kan yọ láti ìsàlẹ̀ àpótí, tòkunbọ̀, dúdú, okùn rẹ̀ lọ́ pọ̀, fóòmù rẹ̀ ń bó. Ó ní, “Èyí ò dùn o. Ẹni mẹ́ta ti rà á, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dá a padà.”

Mo fi orin tí mo bà jẹ́ yẹn sínú rẹ̀. Ohun tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an ni mo gbọ́, agolo pọ́ńbélé. Ojú tún tì mí bí ẹni pé ọjọ́ náà ni. Mo ní kó dì í fún mi. Ọkùnrin náà ń fi ìbẹ̀rù rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé kí n má dá a padà o.

A gba orin ìyá mi sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ìgbà òjò, kòkó ń jẹrà lórí igi nígbà yẹn, ọjọ́ kejì tó fín oògùn ni. Mo lé àwọn adìyẹ jìnnà. Mo ti fèrèsé, mo pa fáànù, mo gbé mátíráàsì dúró. Ooru páànù mú wa méjèèjì. Ó dúró níwájú máìkì, ó fi ọwọ́ kan di etí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó sì kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn rẹ̀ gún régé. Mo ní kó lọ sinmi. Mo gbé hẹ́dífóònù tuntun mi sétí.

Ní ìparí ìlà àkọ́kọ́, mo gbọ́ nǹkan kan. Fíì. Ó tín-ín-rín, ó sì jìn, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí nínú ilé kejì. Mo dá a padà, mo tún gbọ́ ọ. Ìlà kejì, fíì. Ìlà kẹta, fíì. Mo yọ hẹ́dífóònù, mo wo inú rẹ̀ bóyá eèrà wà níbẹ̀. Mo ki okùn rẹ̀ bọ̀ ọ́ dáadáa. Fíì. Mo bá gbé oníná búlúù mi àtijọ́, mo fi gbọ́ orin kan náà. Gbì, gbì, kò sí fíì kankan. Ọ̀rọ̀ parí lójú tèmi. Àwọn mẹ́ta tó dá hẹ́dífóònù yẹn padà kò ya wèrè.

Ní Mọ́ńdè, mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo gun ọ̀kadà dé ìdíkọ̀, mo wọ mọ́tò lọ Òrè, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sì ti tò lẹ́nu mi. Mo bá ọkùnrin yẹn níbi tó ti ń jẹ ẹ̀wà. Mo ju hẹ́dífóònù náà sórí tábìlì rẹ̀, mo ní ó ta ohun tó ti ya fún mi, pé ó rí mi bí ẹni tí kò gbọ́n. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, mo lè bú èèyàn. Mo bú u, mo bú fìlà rẹ̀. Èrò ti ń dúró. Akérò kan tó ń kọjá ní, “Ó le kú, ìjà Òrè,” àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà nu ọwọ́. Kò bínú, ìyẹn ló tún ń bí mi nínú sí i. Ó gbé hẹ́dífóònù sétí, ó fi orin tirẹ̀ sí i láti inú fóònù rẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó sì mi orí. Ó ní kí n fún òun ní èyí tó ń pariwo. Mo fi orin ìyá mi sí i. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ hẹ́dífóònù mọ́ etí nítorí ariwo mọ́tò, ó di ojú. Ó gbọ́ ọ títí ó fi parí. Kò sí ẹni tí mo gbé orin fún rí tó gbọ́ ọ tìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, “Ta ló ń kọrin yìí?”

Mo ní, “Ìyá mi ni.”

Ó yọ hẹ́dífóònù náà kúrò, ó fi sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn èrò má bàa gbọ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ yìí ò ní nǹkan kan. Àyà wọn ló ń súfèé. Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́ wọn.”

Ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe ń ṣe. Nílé tiwa, a kì í dárúkọ àìsàn. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, a ní ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹni tó ń wúkọ́ láti oṣù méjì, òtútù ló mú un. Bí èèyàn bá dárúkọ nǹkan burúkú fún ọ, wàá yára dá a padà fún un kó tó balẹ̀ sára ẹni tó sọ ọ́ sí. Wọ́n kọ́ wa láti kékeré, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Mo ní, “Má fi ẹnu ẹ kó àìsàn bá ìyá mi. Mi ò gbà á, lórúkọ Jésù.”

Obìnrin kan nínú àwọn èrò ṣe àmín. Ọkùnrin náà ní tí mo bá fẹ́, òun lè gba hẹ́dífóònù náà, kí òun fún mi ní èyí tó dùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń pa mí lára jù nìyí. Tí mo bá gbà gbọ́ pé hẹ́dífóònù náà ti ya, ẹ sọ fún mi, kí ló dé tí mi ò fi gba pàṣípààrọ̀? Mo gbé e, mo fi sínú àpò, mo ní bóyá máìkì mi ló ní wàhálà. Mo jókòó sẹ́yìn mọ́tò títí mo fi dé Òdìgbó. Ara mi ti mọ̀.

Mi ò sọ fún ìyá mi. Báwo ni màá ṣe sọ ọ́? Ó ń bẹ lẹ́yìn ilé tó ń yọ ẹ̀gúsí, ó bi mí pé ṣé mo ti bá ọlọ́jà náà jà tán. Mo ní mo ti bá a jà. Ó ní kí n wá jẹun. Bó ṣe dìde, ó dúró díẹ̀, ó fi ọwọ́ ti ògiri. Ó ní oògùn kòkó ló ṣì ń gun òun nímú. Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá.” Ohun tí mo sọ nìyẹn, ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá.

Mo ní ká tún orin náà gbà, pé máìkì ló ṣe ségesège. A tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò lè kọ ìlà gígùn tó wà láàárín ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. Ó ń já a sí méjì, ó ń mí láàárín, ó sì ń ṣe bí ẹni pé bí orin náà ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn. Mo ń gbọ́ ọ láti inú hẹ́dífóònù bó ṣe ń kọ ọ́ lọ. Fíì náà ti wá ní ẹnì kejì, ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀. Mo dá a dúró.

Mo ní, “Màmá, ẹ ń mí sínú máìkì.”

Ó yí ojú sí mi. “Kí n má mí mọ́ ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé kó máa mí bó ṣe wù ú, pé màá bá a yọ ọ́.

Mo sì yọ ọ́. Nínú láptọ́ọ̀pù, ohùn èèyàn máa ń hàn bí ebè lójú gíláàsì, ó ga níbi tó ti ń kọrin, ó pẹlẹbẹ níbi tó ti dákẹ́. Èémí máa ń wà láàárín ebè méjì bí koríko kékeré. Ẹni tó ń lo hẹ́dífóònù burúkú kì í rí i, á kàn fi í sílẹ̀. Èmi ní hẹ́dífóònù tí kì í parọ́. Mo ń rí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, mo sì ń ro ó kúrò bí a ṣe ń ro ìdí kòkó, láìfi ọkọ́ kan gbòǹgbò. Mo kà wọ́n bí mo ṣe ń gé wọn. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Mo so ìlà tó já sí méjì padà, ó sì di ọ̀kan. Mi ò ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ìgbéraga sì wọ̀ mí.

Mo pè é wá. Mo gbé hẹ́dífóònù náà lé e lórí, lórí gèlè, ó dì í mú ní ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí omi fẹ́ dà lé lórí. Ó gbọ́ ọ. Omi wá sójú rẹ̀.

Ó ní, “Ó mọ́. Ohùn mi mọ́ bí ìgbà tí mo wà lọ́mọge.”

Mo ní, “Mo sọ fún yín.”

Ó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó yọ hẹ́dífóònù, ó wo inú rẹ̀ díẹ̀, ó sì bi mí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ pé, “Ṣùgbọ́n níbo ni mo ti mí?”

Mo ní, “Ẹ̀rọ ló bá yín mí, Màmá.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé hẹ́dífóònù náà fún mi, ó lọ wo ìkòkò rẹ̀ lórí iná. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá òun náà ti mọ̀. Láptọ́ọ̀pù mi kò láàyè púpọ̀, ẹgbẹ́ akọrin kan láti Aráròmí-Obu sì ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo ṣe bí mo ti máa ń ṣe lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́. Mo pa orin tó ti parí mọ́, mo sì nu gbogbo ohun tí a fi ṣe é kúrò, gbígbà àkọ́kọ́ àti gbígbà kejì.

Ìkórè dé. Ìyá mi ti rù, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ oko ni, gbogbo wa sì ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e pé iṣẹ́ oko ni. Wọ́n gbé orin náà sí sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin èèyàn, ó dúró. Béèsì dúró, ìlù dúró, ohùn ìyá mi ń rìn lórí wọn láìkọsẹ̀. Àwọn èèyàn gbé iṣu, wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń jó lọ síwájú pẹpẹ. Olórí akọrin wò mí láti ọ̀ọ́kán, ó tẹ orí fún mi. Bí orin náà ṣe parí, ó mú máìkì, ó ní kí ìyá wa dìde kó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ẹsẹ ìgbẹ̀yìn fún wa.

Mo fẹ́ dìde. Mo fẹ́ sọ pé rárá. Mo jókòó.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, ó kan ìlà gígùn tí mo ti bá a so pọ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó máa bá a so ó níbẹ̀. Ó ṣí ẹnu láti mí. Máìkì wà lẹ́nu rẹ̀. Fíì náà jáde nínú gbogbo sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì, lókè àti nísàlẹ̀, ó gùn, kò sì dáwọ́ dúró. Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yí orí padà. Ó di ìjókòó iwájú mú, ó sì rọra ń jókòó sílẹ̀, àwọn obìnrin sáré dì í mú.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà kan, obìnrin, kò tíì dàgbà, ki okùn tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà bọ etí, ó gbé orí okùn náà tó rí pẹlẹbẹ lé ìyá mi lẹ́yìn. Ó ń gbọ́, ó ń ṣí i sí ibòmíràn, ó ń gbọ́. Mo ń wo ojú rẹ̀. Mo mọ ojú yẹn, mo ti rí i lára ẹni tó dé fìlà onírun ní Òrè. Ó yọ ọ́ kúrò, ó bi wá pé, “Láti ìgbà wo ni ẹ ti ń gbọ́ èyí?”

Ìyá mi ní, “Kò tíì pẹ́, dókítà. Òtútù ni.”

Mo ní, “Láti oṣù keje.”

Ìyá mi yí ojú sí mi. Dókítà náà kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní, “Ká ní ẹ mú wọn wá nígbà yẹn ni,” kò sì parí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n yàwòrán àyà rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n béèrè nípa oògùn tó ń fín, wọ́n béèrè ohun tó fi ń di imú. Wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ nínú rọ́bà. Àrùn ló ṣeé wò, a kì í wo ọlọ́jọ́. Ọjọ́ kẹtàdínlógún tó ti wà níbẹ̀ ló lọ, ọjọ́ Túsìdeè, lọ́wọ́ ọ̀sán. Mo wà níbẹ̀, mo sì fi etí mi yìí gbọ́ èémí tó kẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ sí Òrè. Mo fẹ́ kí ọkùnrin yẹn bú mi padà, kó bú mi dáadáa. Ó rí aṣọ dúdú lọ́rùn mi, ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ̀gbọ́n,” ó gbé bẹ́ńṣì fún mi, ó sì lọ dá oníbàárà kan lóhùn. Mo jókòó níbẹ̀ pẹ́. Ara mi ò gba inúure yẹn.

Mo ṣì ń ṣe míìsì. Mi ò yọ èémí ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn kan ń ráhùn pé orin àwọn kò mọ́ tó, mo sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin kan ní Àgọ́ Aláyè, mo gbọ́ nǹkan lára rẹ̀ ní oṣù tó kọjá. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀, mo dárúkọ àìsàn. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ gbá mi létí. Mo ní kó gbá mi, ṣùgbọ́n kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Mo ti wá inú láptọ́ọ̀pù yẹn. Mo ti gbé e fún àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá ohun tí èèyàn ti nù kúrò, wọ́n ní àwọn ará Aráròmí-Obu ti kọrin sórí rẹ̀. Orin tó ti parí yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ mi. Mo máa ń gbé hẹ́dífóònù dúdú náà sétí, fóòmù rẹ̀ ti bó tán, mo sì máa ń lọ sí ìparí ìlà àkọ́kọ́, níbi tí fíì ti wà, mo máa ń retí rẹ̀. Mo máa ń dúró de ìlà kejì. Ibi mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, mo mọ gbogbo wọn. Hẹ́dífóònù náà kì í parọ́, ohun tó bá wà níbẹ̀ á jẹ́ kí n gbọ́. Ó mọ́ tónítóní. Ìyá mi kọrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.